Ife Kejì

Yìnyín ṣì dì lórí odò Oulu
nígbà tí Tellervo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà Ritva.
Ọkọ ti lọ. Àbíkẹ́yìn ti kó lọ sí Turku.
Nǹkan oṣù náà ti dágbére.

Ritva ò ní "pẹ̀lẹ́," kò ní "yóò dára."
Ó ní: "Ife mélòó lo gbé kalẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Méjì."
Ẹkún tí kò sun ní kóòtù
ló wá ń sun báyìí.

"Má gbé ìkejì kúrò.
Lọ́la, fi mu kọfí tìrẹ."

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò tilẹ̀ tíì jókòó:
"Etí rẹ̀ ti kán. Ó ti pẹ́.
Ọdún mélòó ni mo fi ń fọ̀ ọ́
tí n kò rí i?"