Ìdérí Ìgò

Kì í ṣe torí ẹni tó jẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni, ní Gyumri, lórílẹ̀-èdè Àméníà,
yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé, ó ń kán sí wa lọ́rùn.
Hmayak tó ń tún aago ṣe ti gbé tábìlì síta:
ó ní gbèsè ni oòrùn oṣù kẹta,
bí ó bá yọjú, kí a tètè gbà á.

Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti gbó. Ilé-ìṣọ́ dúdú kan ti sọnù
láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé;
ìdérí ìgò buráńdì ló fi rọ́pò rẹ̀.
Àlejò a rẹ́rìn-ín. Ará àdúgbò kì í rí i mọ́.

Nazeli ló jókòó níwájú rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ìbọ̀wọ́ kan lọ́wọ́, ìkejì lábẹ́ àga.
Òpè la kọ́kọ́ pè é.

Ẹṣin rẹ̀ fò. Ọba baba sá wọ igun.
Nígbà náà ni ọmọ yìí gbé ayaba,
ayaba, gbogbo ọrọ̀ tó kù ú kù,
ó gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ọba gan-an
bí ẹni gbé àwo oúnjẹ síwájú àlejò.

Baba rí i. Mo rí i pé ó rí i:
ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ọba láti tẹ́ ẹ sílẹ̀,
kí ó gbà pé ó parí,
ó sì fà á padà.
Ó mú ìdérí ìgò, ó fi gba ayaba,
bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Ẹṣin tún fò. Ó tán.
Ọba wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, kò ríbi mí sí,
ọmọ-ogun níwájú, ọmọ-ogun ní kọ̀rọ̀,
ìdérí ìgò sì dé e pa.

A pàtẹ́wọ́. Vardges oníbúrẹ́dì ń pariwo, "Ayaba yẹn! Ayaba yẹn!"
Hmayak mi orí.
"Ìyẹn? Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi."
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
sẹ́yìn, sẹ́yìn, bí ẹni ń yí ọwọ́ aago,
títí ó fi dé ìgbà tí Vardges ń ráhùn owó ìyẹ̀fun
tí ẹnì kankan nínú wa kò wo ọpọ́n.
Ó fi ìka kan ọmọ-ogun funfun kan
ní etí ọpọ́n lọ́hùn-ún, tó jìnnà sí ogun,
tó gbé ẹsẹ̀ méjì péré, tó sì dúró.
"Bí kì í bá ṣe èyí, ǹ bá ti lé ayaba kúrò lójú ọ̀nà.
Níbí ni ẹwà rẹ̀ wà."

Nazeli wolẹ̀. "Mo rò pé ẹ ò rí i."

"N ò rí i," ni baba wí.
"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀.
Mo gbé ìdérí ìgò náà súnmọ́ imú:
ó ṣì ń ta sánsán, díẹ̀.