Èjí Inú Òkúta

Igba ó lé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n
nígbà tí mo tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà,
kálukú ní ìdúró tirẹ̀, bí ebè lóko Ìgbàtóró.
Mo yọ ẹyọ kan.
Mo ní kí ẹ̀rọ bá mi ṣírò bí ó ṣe ń ṣe àwọn tó kù.

Alẹ́ ni, ní Aulé. Iná ti lọ láti aago mẹ́sàn-án,
ìnfátà Fẹ́húntọ́lá ló ń gbé wa ró,
àdéhùn wa ni pé mi ò ní tan fáànù.
Ìṣírò náà ń wọ́ bí ìgbín:
ìgbésẹ̀ kẹtàlélógún, ìkẹrìnlélógún,
àwọn nọ́ńbà ń sún mọ́ ara wọn, wọn ò tíì bára dọ́gba.

Nígbà Àjíǹde tó kọjá, mo yà sí Òkè Àró.
Ìyá àgbà ní, "Kí lo tiẹ̀ ń kọ́ gan-an?"
Mo ní, ohun kan wà tí kì í ṣe irin, tí kì í sì í ṣe gíláàsì;
bó bá wù ú, á jẹ́ kí iná kọjá, bí kò bá wù ú, á dínà.
Bí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ bá pé, inú rẹ̀ a dákẹ́.
Bí ẹyọ kan bá sọnù, àfo náà lè máa tàn:
ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á gòkè níbẹ̀, á tún já bọ́;
bí ìṣubú náà bá ṣe jìn tó ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí.
Ó rẹ́rìn-ín. Èjí rẹ̀ yọ,
èjí tí wọ́n ní bàbá àgbà tìtorí rẹ̀
sọdá odò Àlà lójoojúmọ́ fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan.
"Ta lo wá yọ kúrò?"

Àárín ni mo ti yọ ọ́, mo ní. Èyíkéyìí náà ni.
Ó wo àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé,
èyí tí a kò tíì gbé kúrò láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ,
tí gbogbo wa ń yẹ̀ fún bí a bá ń kọjá,
tí a sì ń kọjú sí bí a bá jókòó.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Aago méjì kọjá. Àwọn mẹ́rin tó yí àfo náà ká
ti sún sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú kankan ò lè rí.
Ọ̀mọ̀wé Akínfọlárìn ti kìlọ̀ fún mi:
kì í ṣe gbogbo agbára ìṣubú ló ń di ìmọ́lẹ̀;
òmíràn á bọ́ sára àwọn aládùúgbò, wọn á máa gbọ̀n.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, mo fàlà sí i nídìí.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ó bára dọ́gba.
Pupa ni.
Kì í ṣe pupa fòò; pupa rúsúrúsú,
bí ẹ̀yinná tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ìkòkò.

Ìnfátà ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.
Létí kọ̀ǹpútà, iná kíún kan là,
ó ń kìlọ̀ pé bátìrì ń tán lọ.
Òun náà, òkúta tí nǹkan ò pé nínú rẹ̀ ni.

Mo sáré fi iṣẹ́ pamọ́.
Nọ́ńbà ló yẹ ká máa fi pe fáìlì ní yàrá wa;
mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: Àga.