Aya Ọmọ Mi Tọ́ Ilẹ̀ Wò

Ọdún kẹta rèé tí tòmátì mi ń jó létí ewé
bí ìwé tí iná kàn fẹ́rẹ̀ẹ́,
ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, lẹ́yìn ilé.
Ṣọkọ tí mo gbìn kò lè ṣe ọkọ kankan ní yòkòtò mọ́.
Mo bomi rin ín láàárọ̀, mo bomi rin ín lálẹ́,
kànga ẹ̀rọ ń kùn bí arúgbó tí oorun dá lójú rẹ̀.
Bí mo ṣe ń fún un lómi tó
ni òùngbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́ tó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ilẹ̀ yọ funfun,
funfun fẹ́lẹ́, bí ọṣẹ tó gbẹ mọ́ ara bàsíà.
Oyèwùmí aládùúgbò mi dúró sí ẹ̀yìn ọgbà, kò wọlé.
Ó ní, "Ta lo bá jà?"
Mo ka orúkọ méje nínú ọkàn mi.
Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀bùnlọmọ, aya ọmọ mi, ará Ìlàjẹ,
kúnlẹ̀ kí mi, kò dìde.
Ó fi ìka bu ilẹ̀ náà, ó tọ́ ọ wò.
Ó tutọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn.
"Bàbá, mo mọ ẹni yìí.
Òun ló lé wa kúrò nílé."

Ó wá sọ fún mi nípa òkun tó gun òkè wá lóru,
lẹ́yìn tí wọ́n ti gé igi ẹ̀gbà etí omi tán, tí wọ́n fi yan ẹja,
bó ṣe sùn sórí oko ìyá rẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin,
tó sì lọ bí àlejò tó fi ẹrù sílẹ̀.
Oòrùn fa omi mu, kò mu iyọ̀.
Gbòǹgbò wà nínú omi, kò rí omi mu.

Mo ní, "Ṣé òkun dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni?
Àwa tí a ò rí i lójú àlá!"
Ó nawọ́ sí kànga ẹ̀rọ.
Ó nawọ́ sí àpò ajílẹ̀ òyìnbó,
mẹ́sàn-án, tí mo ti tú dà sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo.
"Garawa lẹ fi ń gbé e wá, Bàbá. Díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n fi iyọ̀ kàn mí lẹ́nu níjọ́ kẹjọ,
wọ́n ní kí ayé mi dùn.
Kò sẹ́ni tó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi.

A pa ẹ̀rọ. Ọmọ mi Oyèdèjì rọ omi sínú ìgò,
ó gbé e lọ sí yunifásítì fún àyẹ̀wò;
wọ́n ní ká fi fọ mọ́tò, ká má fi rin ẹ̀fọ́.
A gbẹ́ kòtò méjì tó mu èèyàn dé orúnkún,
torí iyọ̀ kò ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ omi ló ń yá rìn,
àlejò tí a ò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún
inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò máa sùn.
A ko igbẹ́ màlúù ní gáà, a rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀,
a fi koríko gbígbẹ àti èèpo ìrẹsì bò ó
kí oòrùn má baà rí i fà sókè.
Lẹ́yìn náà, a jókòó de òjò.

Òjò kẹrin ló pọ̀. Ilẹ̀ mu, ó yó, ó ṣàn sí kòtò.
Ẹ̀bùnlọmọ tẹ̀ síbẹ̀ tòun ti oyún,
ó tọ́ omi ibẹ̀ wò. Ó ní, "Ó ń lọ."

Ẹ̀wà ṣì kú. Kí n má purọ́.
Ọkà bàbà yè, àti òwú tí mo gbìn sétí ọgbà,
òwú bíi ti bàbá bàbá mi, tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.
Igun kan ṣì funfun, kò ju ẹní àdúrà lọ.
A fi í sílẹ̀ kó máa rán wa létí.

Mo ru máńgòrò lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Tákìé.
Ó wo agbọ̀n, ó wo ojú mi,
ó ní kí ló dé.
Mo ní, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni.