Fèrè Méjì

Máfòyà ni orúkọ tí mo sọ ọ́.
Mo rò pé orúkọ á ro ajá bó ṣe ń ro ọmọ ènìyàn.
Orúkọ ò ro nǹkan kan.

Ní Ìdí-Àbà níbí, lẹ́yìn òkè tó kọjú sí fèrèsé mi,
wọ́n ń fọ́ àpáta.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, bí oòrùn bá ti kúrò ní àtàrí,
fèrè iléeṣẹ́ wọn á kọ́kọ́ ké, húúúúú,
kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè sá.
Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á mì,
tí abọ́ á máa bá abọ́ jà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Àwa tí òkúta fi abẹ́ rẹ̀ bò láyé ogun,
àwa náà la ń fi dánámáìtì fọ́ ọ, tí a ń kó o tà ní tírélà.

Kì í ṣe ariwo ńlá yẹn gan-an ló ń pa Máfòyà.
Fèrè ni.
Bó bá ti dún, ajá ti kó sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, itọ́ ń kán tó-tó lẹ́nu rẹ̀.
Lọ́jọ́ kan ó fi èjìká gbá pẹ́dà, abẹ́rẹ́ kán,
apá bùbá ìyàwó Ṣówùnmí lọ rán mọ́ ọrùn.

Mo fi ẹran bẹ̀ ẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ bẹ̀ ẹ́.
Mo bú u: “Ṣebí ajá ni ọ́! Èwo ni ti ojo?”
Mọnísọ́lá ọmọ mi gbé fóònù wá,
ó ní dókítà ẹranko ló wí, pé orin jẹ́jẹ́ ń mú ọkàn ajá balẹ̀:
dùùrù, omi tó ń ṣàn, ẹyẹ tí n ò mọ orúkọ rẹ̀.
Èmi ni mo sùn.
Máfòyà ṣì ń gbọ̀n.

Àfi Ewégbèmí, ọmọ ilé kejì,
tí ọ̀gá Bọ́ìsì Bùrìgéèdì lé kúrò láàárín àwọn afọnfèrè,
pé ohùn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n fọn,
èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá,
tó gùn bí èémí ẹni tó sùn lẹ́yìn iṣẹ́ oko.

Ọjọ́ Ẹtì kan, fèrè òkè ké,
ọmọ náà ń fọn tirẹ̀ lọ lẹ́yìn ògiri, kò bìkítà.
Mo rí etí Máfòyà: ọ̀kan wà lọ́dọ̀ òkè,
èkejì yí, díẹ̀díẹ̀, sọ́dọ̀ ògiri.
Ilẹ̀ mì. Abọ́ jà.
Ó mí kanlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń san owó orin:
ẹ̀pà ìgò kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
lọ́jọ́ Ẹtì, ìrẹsì Ọ̀fàdà.
Ìyá rẹ̀ ní, “Ta ló ń sanwó fún irú ariwo yìí?”
Mo ní ajá mi ni.
Ní báyìí, bí fèrè àkọ́kọ́ bá ké,
Máfòyà ò wọ abẹ́ ẹ̀rọ mọ́;
ìdí ògiri ló ń lọ, ó ń retí ìkejì.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé gba ìsinmi. Ewégbèmí lọ sí Ìlarò.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, húúúúú.
Ajá lọ sí ìdí ògiri, ó dúró.
Ó dúró.
Ó yíjú wò mí.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó ń wò mí,
mo gbé ìgò òróró tó ṣófo, mo fi ètè sí ẹnu rẹ̀,
èmi ìyá àgbà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i:
ohùn kan jáde bíi ti màlúù tó lá àlá.

Máfòyà dagun orí, ó ń rò ó.
Mo mọ̀ pé kò dùn. Òun náà mọ̀.
Ó wá rọra dùbúlẹ̀ lórí bàtà mi,
bí ẹni tó ń bo àṣírí ọ̀rẹ́,
mo ń fẹ́ ìgò lọ, òkúta ń wó, mo ń fẹ́ ẹ lọ.