Ìwé Mẹ́ta Háwáwù

Háwáwù ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án àná,
ó ju báàgì sórí ẹní, ó ní ebi ń pa òun.
Ìwé mẹ́ta ni ó yọ nínú rẹ̀,
ọ̀kan ti rin gbindin, omi ìgò ló dà sí i.
Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jókòó, mo fẹ́ kọ́ yín."
Èmi tí mo ti ń mọ ìkòkò ní ebu Dada
kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i!
Mo jókòó. Amọ̀ ṣì wà lápá mi dé ìgúnpá.

Sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ ṣí.
Ó ní omi inú àmù a máa jò díẹ̀díẹ̀
gba ihò tí ojú kò lè rí,
afẹ́fẹ́ a gbé e lọ bí olè tó ń yọ́ kẹ́lẹ́,
ooru a bá a lọ, èyí tó kù a tutù.
Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"
Ó ní Ańtí Sẹfíyà ni, ó wà lójú pátákó.
Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ fún oníbàárà
pé àmù tí kò bá làágùn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.
N kò mọ̀ pé ìmọ̀ ni.
Mo rò pé ẹnu ọjà lásán ni.

Ìwé kejì, Ẹ̀kọ́ Àwùjọ:
àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ládùúgbò.
Dókítà, ọlọ́pàá, àgbẹ̀, panápaná.
Mo wo àwòrán panápaná yẹn títí.
Ẹ̀ẹ̀mejì nilé jó lójú mi ní Òkèlele,
garawa la fi pa á, garawa àti ariwo.
"Amọ̀kòkò ńkọ́?"
Háwáwù wo ìwé, ó wo ojú mi,
ó mú bírò, ó há mi sábẹ́ àgbẹ̀
níbi tí ìlà ti parí,
lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó fẹ́ já bọ́ létí ìwé.
Mo ní, "Kò pọn dandan."
Inú mi dùn. N kò jẹ́ kó hàn.

Ìwé kẹta ni kò fẹ́ ṣí.
Iṣẹ́ Ọnà. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá.
Erin ló fi amọ̀ mọ,
amọ̀ tó bù lẹ́yìn ilé mi láìtọrọ;
ó sá a sójú fèrèsé kíláàsì,
kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, erin ti là sí méjì,
àwọn ọmọ ń pè é ní ewúrẹ́.

Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ebu.
Mo ní, bọ́ bàtà, máa tẹ̀ ẹ́,
tẹ̀ ẹ́ títí òkúta wẹ́wẹ́ á fi bá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀,
kí o máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Oòrùn kọ́ ló pa erin rẹ. Ìkánjú ni.
Abẹ́ ìbòòji ni amọ̀ ti ń gbẹ.
Iná ń bọ̀ wá bá a, má bá iná sáré.
Ó tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi pè é sí ilé kéú,
ó gbé wàláà rẹ̀, ó sáré lọ,
ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun dé orúnkún bí ẹsẹ̀ àlejò.

Lálẹ́, mo ṣí ìwé kejì lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.
N kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo wà:
ìsàlẹ̀ pátápátá, létí, níbi tó ti fún.
Mo fi àtàǹpàkò kàn án wò.
Háà. Ó gba amọ̀.
Lọ́la Ańtí Sẹfíyà á béèrè
ta ló ba ìwé jẹ́.