Kí Ni Ọwọ́ Yín Ń Ṣe?

Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì ní ilé-ìwòsàn kékeré
tó kẹ́yìn sí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́.
Ọdún mọ́kàndínlógún.
Mo mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ti gbọ́,
mo mọ ti ẹni tí kò tíì gbọ́.

Dókítà Odùbọ́nà kì í kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló ń dùn yín.
Á fa àga mọ́ra, á bọ́ aago ọwọ́ sórí tábìlì,
á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọwọ́ yín ń ṣe
láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú?"
Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìtura lásán ni,
bí ẹni ń fi àádùn tan ọmọdé síbi abẹ́rẹ́.

Àfi ọjọ́ tí Bàbá Kásúmù dé láti Ẹ̀jìnrìn,
kókó wà lọ́rùn rẹ̀, ó tó ọmọ àgbálùmọ̀.
"Àwọ̀n ni mo ń tún ṣe."
Dókítà dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó ní,
"Oògùn tó lè bá yín jà á jí nǹkan gbé lórí ìka yín.
Òwú á wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní mọ̀."
Bàbá wo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni ń ka ọmọ kó tó ti ilẹ̀kùn.
"Kí ojú ṣáà máa ríran. Ojú á bá ọwọ́ gbé e."

Jẹjẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ló tú u fó:
ó ń jẹ, ó ń jẹ, jẹ́jẹ́ ló sì ń jẹ.
Kì í kanlẹ̀kùn.
Bóyá ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rìn lórí yanrìn.

Ìwé tí wọ́n fi rán an wá ní oṣù mẹ́fà péré.
Ó ṣì wà nínú àpótí mi, ikán ti jẹ ọjọ́ tó wà níbẹ̀.
Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀, yìnyín àwọn ẹlẹ́ja
ni Nọ́ọ̀sì Múnírátù fi gba oògùn là;
gbogbo yàrá ń rùn bí obòkún,
ẹnikẹ́ni ò ráhùn.

Sìdíkátù pẹ́ kó tó wá. Ewé ló fi bo ọmú rẹ̀,
ó fi ìborùn bo ewé.
"Mo ń ránṣọ," ló wí. Aṣọ ilé-ìwé ni.
Àkọ́rọ̀ òjò kò bá a láyé.
Lọ́jọ́ náà dókítà fọ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé
títí omi fi tán nínú kẹ́ẹ̀gì.
Mo fẹ́ kọ "ó parí" sára fáìlì. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀: *ó ń ránṣọ.*
Báyìí ni mo ṣe ń kọ gbogbo wọn láti ìgbà náà.
*Ó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò.*

Ọdún kejì, Bàbá Kásúmù gbé àwọ̀n kan wọlé,
ó rí wúruwùru, kókó kan tóbi, òmíràn tú sílẹ̀.
Dókítà di ojú, ó ń fi ìka tẹ kókó kọ̀ọ̀kan
bó ṣe máa ń tẹ ọrùn ènìyàn.
"Kókó rèé tí mi ò ní gé."
A fi í kọ́ ojú fèrèsé. Atẹ́gùn ọ̀sà ń gbà á kọjá.

Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Kò tíì gbọ́.