Eyín Kẹtàlélọ́gbọ̀n

Aago méjì òru ni mo máa ń ṣe é ní Kubwa,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ilé Nwosu bá ti mu epo rẹ̀ tán,
tí ajá ìdí géètì bá ti gbó títí tó rẹ̀ ẹ́.
Mo gbé maikirofóònù síwájú dùùrù bàbá mi,
torí ẹnu rẹ̀ tó ti ya ni mo ń wá,
n kò fẹ́ ohùn mímọ́ tó ń gba inú wáyà wá.
Mo tẹ eyín kan.
Mo dúró, mo mí sínú,
mo jẹ́ kí ìró náà kú fúnra rẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan níwọ̀ntúnwọ̀nsì.
Lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí inú ń bí.
Eyín mọ́kànlélọ́gọ́ta, lọ́nà mẹ́ta mẹ́ta:
ọgọ́sàn-án ìró ó lé mẹ́ta,
bí gbogbo eyín bá pé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri kógbá wọlé,
àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi owó tí wọ́n fún wọn ra ọ̀kadà,
wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọta;
Bako ra màlúù méjì, ó dà wọ́n lọ sí Zonkwa.
Bàbá mi, Oyèékànmí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,
fi ọmọlanke gbé dùùrù wọlé.
Ìyá mi wò ó. Ó wo ìkòkò.
Ọjọ́ mẹ́rin ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọdún tí kónílé-ó-gbélé pẹ́ lọ́rùn wa,
ọyẹ́ rọ eruku sínú rẹ̀,
eyín kẹtàlélọ́gbọ̀n sì dákẹ́.
Bàbá kò wá oníṣẹ́ lọ.
Bó bá ń lu orin àárọ̀ tó bá kan ibẹ̀,
ìka á balẹ̀, ọ̀fun á dáhùn:
hìn-ín.
Ìka á tún gba orin náà lọ́wọ́ ọ̀fun.
Àwa ọmọ rò pé bí wọ́n ṣe kọ orin náà nìyẹn.
Ìgbà tí mo gbọ́ ọ nílé ìjọsìn mìíràn láìsí hìn-ín,
mo sọ fún Morádéyọ̀ pé àwọn èèyàn yìí
kò mọ orin ọ̀hún parí.

Mo fi àǹkárá tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn ṣe wé e,
mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin.
Ọlọ́pàá kan ní Rigasa fọwọ́ kàn án wò,
ó fi Háúsá bi mí bóyá òkú ni.
Mo ní rárá.
Ó kù díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà ní kò le:
òun á fa ohùn eyín kejìlélọ́gbọ̀n,
òun á fi bo ihò náà,
etí kankan kò ní fura.
Ilẹ̀ mọ́, mo pe Kakuri.
“Bàbá, ẹ bá mi ṣe hìn-ín.”
“Kí ló ṣe ọ́?”
Mo ṣàlàyé. Ó pẹ́.
Mo gbọ́ tí páànù ń ké nínú oòrùn,
mo gbọ́ Láraba tó ń lé ewúrẹ́ lẹ́yìn ọgbà.
Lẹ́yìn náà ló ṣe é, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀,
ọ̀fun ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin,
ikọ́ sì jókòó sí ìdí rẹ̀.
“Ṣé ó tó? Owó ẹ ń lọ.”

Ẹnì kan á rà á, nínú yàrá tí n kò mọ̀,
á máa lu tirẹ̀ lọ, ìka rẹ̀ á kan ibẹ̀,
á rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́.
Jọ̀wọ́, má tún un ṣe.

Mo kọ ọ́ sórí fáìlì: 33, jẹ́ẹ́jẹ́.
Mo fi àyè ìyókù sílẹ̀ lófìfo.
N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ bàbá ẹni
pé kó jọ̀ọ́, kó bínú.